Ẹ̀rọ Tó Mọ Ọ̀rọ̀: Ǹjẹ́ Ó Mọ Ìdí Ọ̀rọ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ dá lórí ẹ̀rọ kan tí ó ti wọ ilé wa láì kan ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2022 tí ilé-iṣẹ́ OpenAI ní Amẹ́ríkà ti gbé ChatGPT jáde fún gbogbo ayé, àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn náà ti gbé tiwọn jáde, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sì ti di ohun tí ọmọ ilé-ìwé ń gbé sínú àpò kiri. O bi í ní ìbéèrè, ó dá ọ lóhùn. O ní kí ó kọ lẹ́tà, ó kọ ọ́. O ní kí ó ṣe ìṣirò, ó ṣe é, ó sì tún ṣàlàyé ọ̀nà tí ó gbà ṣe é, bí ẹni pé olùkọ́ ni ó dúró níwájú pátákó.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí. Èmi kò sí lára àwọn tí ń sọ pé kí ọmọ má fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà. Orí wàláà ni mo ti kọ́ álífù àti bá'ù ní kékeré, mo sì tún jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé-ìwé ìjọba kọ́ ABD. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Lárúbáwá àti ìṣirò ogún, mo ti rí i pé ìmọ̀ kò ní ilé kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ yìí wúlò. Ó lè túmọ̀ èdè, ó lè tún gbólóhùn tó wọ́ ṣe, ó lè la ohun tó ṣòro yé ọmọ tí kò rí olùkọ́ bi léèrè lóru. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni ìbéèrè kan ṣoṣo: ẹ̀rọ tí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ tó báyìí, ǹjẹ́ ó mọ bí ọ̀rọ̀ kan ṣe ń bí èkejì? Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn mọ ọ̀rọ̀, ọ̀tọ̀ ni kí ó mọ ìdí ọ̀rọ̀.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Large language model ni àwọn tí ó ṣe é ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. Nínú àròkọ yìí, èmi yóò máa pè é ní ẹ̀rọ adáhùn. Ní ọdún 2017, àwọn òṣìṣẹ́ Google kan tẹ ìwádìí kan jáde nípa ètò tuntun tí wọ́n pè ní Transformer, orí rẹ̀ ni wọ́n sì kọ́ àwọn ẹ̀rọ adáhùn tó gbajúmọ̀ lóde òní lé. Wọ́n kó ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ti kọ sílẹ̀ jọ láti inú ìwé àti láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ tó pọ̀ débi pé ènìyàn kan kò lè kà á tán ní ẹgbẹ̀rún ọdún. Wọ́n wá ń bo ọ̀rọ̀ tó kàn mọ́ ẹ̀rọ náà lójú, wọ́n ní kí ó méfò rẹ̀. Bí ó bá ṣì í, wọn a yí àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ padà díẹ̀, kí ó lè sún mọ́ ohun tó yẹ nígbà mìíràn. Àìmọye ìgbà ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí OpenAI gbé jáde ní ọdún 2020, tí wọ́n pè ní GPT-3, ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ bílíọ̀nù 175 nínú. Lẹ́yìn èyí, wọn a tún fi ènìyàn kọ́ ẹ̀rọ náà ní irú ìdáhùn tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti gbọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà sórí rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, àfi bí wọ́n bá so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ni ó lè lọ wo ìwé kankan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti méfò ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀lé èyí tí ó ti sọ, kí ó tún méfò èyí tó tẹ̀lé ìyẹn, títí ìdáhùn yóò fi parí. Ìyàlẹ́nu gbáà ni pé láti inú iṣẹ́ kan ṣoṣo yìí ni ẹ̀rọ náà ti kọ́ gírámà, ìtàn, òfin àti ìṣirò. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ènìyàn gbà kọ́ nǹkan a máa fi àpá sílẹ̀ lára ohun tí ó kọ́.

Ọmọ tó há a sórí

Àwa tí a ń kọ́ ọmọ ní kéú mọ ohun kan dáadáa. Ọmọ lè há súrà kan sórí débi pé bí o bá fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ áyà kan, yóò sáré ka èyí tó kàn láì mí. Ṣùgbọ́n bi ọmọ yìí kan náà pé, áyà wo ni ó ṣáájú èyí? Ẹ ó rí i tí yóò dákẹ́. Yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀ súrà, yóò máa kà á bọ̀ nínú ẹnu rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ títí yóò fi débẹ̀. Iwájú nìkan ni ọ̀nà tí ó mọ̀ ń lọ.

Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí kan rí i pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ adáhùn rí. Wọ́n bi GPT-4 pé ta ni ìyá Tom Cruise, òṣèré fíìmù ará Amẹ́ríkà. Ó mọ̀ ọ́n, ó ní Mary Lee Pfeiffer ni. Wọ́n wá yí ìbéèrè náà padà: ta ni ọmọ Mary Lee Pfeiffer? Ẹ̀rọ kan náà kò rí i dáhùn. Nígbà tí wọ́n fi orúkọ ọ̀pọ̀ gbajúmọ̀ dán an wò, ó gba ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí wọ́n bi í léèrè òbí àwọn gbajúmọ̀ náà, ṣùgbọ́n ìdá 33 péré ni ó gbà nígbà tí wọ́n dárúkọ òbí tí wọ́n sì bi í léèrè ọmọ.

Ẹ rò ó wò. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé Rábíátù ni ìyá Súlè, ṣé ó tún kù kí ẹnìkan kọ́ ọ pé Súlè ni ọmọ Rábíátù? Nínú ohun tí ẹ̀rọ náà kà, orúkọ gbajúmọ̀ ni ó sábà máa ń ṣáájú, orúkọ ìyá rẹ̀ a sì tẹ̀lé e. Bí ó ṣe há a sórí náà nìyẹn. Kí a má purọ́ mọ́ ọn o: bí ẹ bá kọ ọ́ sínú ìbéèrè yín pé báyìí ni orúkọ ìyá lágbájá, yóò lè yí i padà kíá. Ohun tí ó há sórí láti ìgbà ìkẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni kò rí yí padà.

Àwọn ìbéèrè kéékèèké tó gbé e ṣubú

Ní ọdún 2024, àwọn olùwádìí kan ní Jülich ní orílẹ̀-èdè Jámánì gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ tó dàbí àlọ́ ọmọdé. Ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Alice ní arákùnrin 4, ó sì ní arábìnrin 1. Arábìnrin mélòó ni arákùnrin Alice ní? Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ti dáhùn tán: 2 ni, nítorí Alice fúnra rẹ̀ wà lára wọn. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ adáhùn tí òkìkí wọn kàn nígbà náà ni kò gbà á. Wọn a fi ìdánilójú sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀, wọn a sì to àlàyé tó jọ òótọ́ tẹ̀lé e. Bí wọ́n bá tún yí iye arákùnrin àti arábìnrin náà padà díẹ̀, ẹ̀rọ tó gbà á lẹ́ẹ̀kan lè pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí ó bá ti mọ̀ pé Alice wà lára arábìnrin àwọn arákùnrin rẹ̀, kí ni ti 4 tàbí 3 tí yóò dà á láàmú?

Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, àwọn olùwádìí ilé-iṣẹ́ Apple gbé òmíràn jáde. Wọ́n ní ẹnìkan tí ń jẹ́ Oliver ká èso kan tí à ń pè ní kiwi. Ó ká 44 ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, ó ká 58 ní Sátidé, ní ọjọ́ Sọ́ńdè ó ká ìlọ́po méjì ti Jímọ́ọ̀, ṣùgbọ́n 5 nínú ti Sọ́ńdè kéré díẹ̀ sí bí kiwi ṣe máa ń tóbi. Kiwi mélòó ni Oliver ní? 44 àti 58 àti 88, ó jẹ́ 190. Èso tó kéré, èso náà ni. Ẹni tó bá ra ọsàn lọ́jà mọ̀ pé kékeré kò sọ ọ́ di àìsí. Síbẹ̀, àwọn ẹ̀rọ kan yọ 5 kúrò, wọ́n ní 185 ni.

Kí ni ó fa èyí? Nínú ìṣirò ilé-ìwé tí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ti kà, bí gbólóhùn bíi “ṣùgbọ́n 5 nínú wọn” bá ti wọlé, yíyọ kúrò ni ó sábà máa ń tẹ̀lé e. Ìrísí ọ̀rọ̀ ni wọ́n rí tí wọ́n fi sáré lọ síbi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń lọ. Àwọn olùwádìí náà sọ pé àfikún gbólóhùn kan ṣoṣo tí kò kan ìṣirò lè mú kí máàkì ẹ̀rọ kan já wálẹ̀ títí dé ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ogún tí kò pé

Ẹnìkan lè ní, “Àáfà, kí ni ti Alice àti kiwi ṣe kàn wá?” Ẹ jẹ́ kí n sọ bí irú rẹ̀ ṣe kàn wá ní àdúgbò wa.

Ní ọdún 2024, ọkùnrin kan kú. Ó fi ìyàwó kan sílẹ̀, ọmọbìnrin 2, bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n san gbèsè tán, ohun tó kù jẹ́ 2,700,000 náírà. Àbúrò olóògbé, ọmọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, kò fẹ́ kí ìjà ṣẹlẹ̀, ó sì ti bi ẹ̀rọ adáhùn kan lórí fóònù rẹ̀ bí wọn yóò ṣe pín in. Ó tẹ ìdáhùn náà jáde sórí ìwé, ó mú un wá sí ìpàdé mọ̀lẹ́bí. Wọ́n ní kí n wá jókòó tì wọ́n, nítorí pé ìṣirò ogún ni iṣẹ́ tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ.

Ìwé náà dára lójú. Ó ní ìyàwó yóò gba ìdá kan nínú mẹ́jọ nítorí pé olóògbé ní ọmọ. Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì yóò gba ìdá méjì nínú mẹ́ta. Bàbá yóò gba ìdá kan nínú mẹ́fà, ìyá náà yóò gba ìdá kan nínú mẹ́fà. Ó tọ́ka sí súrà àti áyà rẹ̀. Èyí tí ó sọ nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan tọ̀nà, akẹ́kọ̀ọ́ mi kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wá sọ ọ́ di owó: ìyàwó 337,500 náírà, àwọn ọmọ 1,800,000, bàbá 450,000, ìyá 450,000. Ní ìsàlẹ̀, ó kọ ọ́ pé ogún náà ti pín géérégé.

Mo ní, “Ọmọ mi, bá mi ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.”

Ó rò ó pọ̀. Ó di 3,037,500 náírà. Ó tún un rò. Bákan náà ni. Owó tó wà nílẹ̀ kò pé fún ohun tí ìwé náà pín, 337,500 náírà ni ó fi dín.

Ojú ọmọ náà wálẹ̀. Ó gbé fóònù rẹ̀, ó kọ ọ́ sí ẹ̀rọ náà pé owó kò pé. Ẹ̀rọ náà tọrọ àforíjì lójú ẹsẹ̀, ó yìn ín fún ojú tó mú, ó sì ní òun ti rí àṣìṣe náà. Ó ní nígbà tí iye tó lé jẹ́ 337,500 náírà, tí ìdá ìyàwó náà sì jẹ́ 337,500 náírà, nígbà náà ìyàwó kò ní ohun kan láti gbà mọ́. Kí àwọn yòókù gba tiwọn.

Inú yàrá tó kángun sí pálọ̀ ni opó náà wà, ó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá àgbà kan nínú ẹbí sì ti ń mi orí, ó ní, “Ẹ̀rọ ló ṣírò ó. Ẹ̀rọ kì í ṣègbè.”

Mo ní kí wọ́n fún mi ní ìwé àti bírò. Bí a bá pín ogún náà sí ọ̀nà 24, ti ìyàwó jẹ́ 3, ti àwọn ọmọ jẹ́ 16, ti bàbá jẹ́ 4, ti ìyá jẹ́ 4. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 27. Nǹkan tí ìdá rẹ̀ pọ̀ ju odindi lọ kì í ṣe ohun tuntun nínú ìmọ̀ ogún. 'Awl ni à ń pè é, láti ìgbà Sàyídínà Umar ni wọ́n sì ti ń lò ó, òun náà ni àwọn ìmáàmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀lé. Ohun tí a óò ṣe ni pé a óò pín owó náà sí ọ̀nà 27 dípò 24, kí olúkúlùkù lè fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú tirẹ̀. Ìdá kọ̀ọ̀kan jẹ́ 100,000 náírà. Ìyàwó gba 300,000, àwọn ọmọ gba 1,600,000, ìyẹn 800,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, bàbá gba 400,000, ìyá gba 400,000. Mo ní kí ọmọ náà rò ó pọ̀. Ó di 2,700,000 géérégé, ẹnikẹ́ni kò sì pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ pátápátá.

Ìyàwó kan, ọmọbìnrin méjì, bàbá àti ìyá: ọ̀ràn yìí gan-an ní orúkọ tirẹ̀ nínú ìwé àwọn onímọ̀. Minbariyyah ni wọ́n ń pè é, nítorí ìtàn tí wọ́n ń sọ pé orí mínbárì ni Sàyídínà Aliyu wà nígbà tí wọ́n bi í léèrè rẹ̀, tí ó sì dáhùn láìsọ̀kalẹ̀ pé ìdá kan nínú mẹ́jọ ti ìyàwó ti di ìdá kan nínú mẹ́sàn-án.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni èyí. Mo ní kí ọmọ náà bi ẹ̀rọ kan náà pé kí ni 'awl. Ó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, ó mẹ́nu ba Sàyídínà Umar, ó tún fi àpẹẹrẹ kan lé e. Ìmọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó fi yọ opó yẹn kúrò nínú ogún. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ lápò tí kò rántí pé ilẹ̀kùn tó wà níwájú òun ni kọ́kọ́rọ́ náà wà fún, ìta ni yóò sùn.

Àlàyé lásán kì í ṣe ẹ̀rí

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ mọ nǹkan wọ̀nyí jù wá lọ lè sọ pé ẹ̀rọ àná ni mò ń sọ. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ní ọdún 2022, àwọn olùwádìí Google fi hàn pé bí a bá kọ́ ẹ̀rọ adáhùn láti to ìrònú rẹ̀ ní ẹsẹ-ẹsẹ kí ó tó dáhùn, yóò gba ìṣirò púpọ̀ sí i. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, OpenAI gbé o1 jáde, èyí tí wọ́n kọ́ láti ronú pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ní oṣù keje ọdún 2025, OpenAI àti Google DeepMind kéde pé ẹ̀rọ wọn gba máàkì 35 nínú 42 lórí àwọn ìbéèrè ìdíje ìṣirò àgbáyé ti àwọn ọmọ ilé-ìwé girama tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà, ìyẹn ipò àmì ẹ̀yẹ wúrà. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé ẹ̀rọ yìí kò lè ronú rárá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti gbó. Púpọ̀ nínú ìbéèrè tí mo kà sókè yìí ni àwọn ẹ̀rọ tuntun ń gbà lónìí.

Ṣùgbọ́n ohun méjì kù tí ó yẹ kí ó máa kọ wá lóminú. Èkínní ni pé àlàyé tí ẹ̀rọ náà kọ sílẹ̀ lè má jẹ́ ọ̀nà tí ó gbà dé ibi tí ó dé. Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí kan fi àpẹẹrẹ ìbéèrè oní-yíyàn han ẹ̀rọ adáhùn, wọ́n sì tò ó kí ìdáhùn gbogbo àpẹẹrẹ náà lè máa bọ́ sí A. Nígbà tí wọ́n bi í ní ìbéèrè tuntun, ó fi A dáhùn ju bó ṣe yẹ lọ, kódà níbi tí A kò ti tọ̀nà, ó sì kọ àlàyé tó dára láti gbè é lẹ́sẹ̀. Kò sọ pé nítorí A ni òun ṣe mú A. Ní ọdún 2025, àwọn olùwádìí ilé-iṣẹ́ Anthropic fi olobó sínú ìbéèrè fún àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́ láti máa ronú kí wọ́n tó dáhùn. Níbi tí àwọn ẹ̀rọ náà ti lo olobó yìí, Claude 3.7 Sonnet, tí í ṣe ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, jẹ́wọ́ rẹ̀ nínú ìrònú tí ó kọ sílẹ̀ ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún péré, DeepSeek R1 sì jẹ́wọ́ ní ìdá 39.

Èkejì ni pé ẹ̀rọ náà fẹ́ràn láti tẹ́ni lọ́rùn. Mo sọ ṣáájú pé àwọn ènìyàn ni wọ́n fi kọ́ ọ ní irú ìdáhùn tí ènìyàn fẹ́. Àwọn ènìyàn a sì máa fẹ́ràn ẹni tí ó bá gbà pẹ̀lú wọn. Ìwádìí kan ní ọdún 2023 fi hàn pé bí ẹ̀rọ bá dáhùn bó ti tọ́, tí ẹ sì bi í pé “Ṣé ó dá ọ lójú?”, ó lè tọrọ àforíjì, kí ó fi òótọ́ sílẹ̀ mú irọ́. Àforíjì tí ó tọrọ lọ́wọ́ ọmọ yẹn kí ó tó yọ opó kúrò, irú rẹ̀ ni.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní New York ní ọdún 2023. Àwọn agbẹjọ́rò kan tí wọ́n ń bá ilé-iṣẹ́ bàálù Avianca ṣẹjọ́ gbé ìwé lọ sí ilé-ẹjọ́, wọ́n tọ́ka sí àwọn ẹjọ́ àtijọ́ tí ChatGPT fún wọn. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò sí láyé. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ti bi ẹ̀rọ náà bóyá òótọ́ ni, ó sì dá a lóhùn pé òótọ́ ni. Adájọ́ bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé wọn. Kò yẹ kí ẹ̀rọ máa ṣe ẹlẹ́rìí ara rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Kí ni kí a ṣe?

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ohun mẹ́rin ni mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, n óò sì sọ ọ́ fún yín.

Èkínní, ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ fúnra yín kí ẹ tó bi ẹ̀rọ. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìlà mẹ́ta péré ni ẹ kọ, ẹ óò ní ohun tí ẹ lè fi wé ìdáhùn rẹ̀. Ẹni tó lọ sọ́jà láì mọ iye tí nǹkan jẹ́, iye tí wọ́n bá pè fún un ni yóò san.

Èkejì, ẹ dá ìdáhùn padà sínú ìbéèrè. Bí ó bá jẹ́ owó, ẹ rò ó pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́, ẹ kà á lórí kàlẹ́ńdà. Bí ó bá jẹ́ ìwé ni ó tọ́ka sí, ẹ ṣí ìwé náà. Púpọ̀ nínú ohun tó ṣòro láti wá rí ni kò ṣòro láti yẹ̀ wò. Ìṣirò ogún lè gba wákàtí kan, ṣùgbọ́n ríro ìdá mẹ́rin pọ̀ kò gba ìṣẹ́jú kan.

Ẹ̀kẹta, ẹ yí ìbéèrè náà padà. Ẹ pààrọ̀ orúkọ, ẹ pààrọ̀ nọ́ńbà, ẹ bi í láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, kí ẹ sì ṣe é lójú ewé tuntun níbi tí kò ti rí ìdáhùn rẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ìdí ọ̀rọ̀ bá yé e, ìdáhùn kò ní máa fò síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Ẹ̀kẹrin, bí ọ̀ràn náà bá kan ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn, ìlera, owó tàbí ẹ̀sìn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ènìyàn tó mọ̀ ọ́n, tí ẹ lè dì mú bí ó bá ṣì í. Dókítà ní orúkọ, lọ́yà ní orúkọ, àáfà ní orúkọ. Bí mo bá ṣi ogún pín, àwọn ènìyàn mọ ilé mi, Ọlọ́hun yóò sì bi mí. Ẹ̀rọ yóò kàn tọrọ àforíjì ni.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ tiyín kù. Ní ilé-kéú wa, mo ti dáwọ́ máàkì dúró lórí iṣẹ́ àṣetiléwá tó dára lójú lásán. Ọmọ yóò dìde, yóò dúró níwájú pátákó, yóò sọ ìdí tí ó fi ṣe ẹsẹ kìíní, kí ó tó lọ sí èkejì. Mo sì máa ń dá a dúró ní àárín pé, “Bí bàbá olóògbé bá ti kú ṣáájú ńkọ́?” Ọmọ tó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ yóò ronú díẹ̀, yóò sì dáhùn. Ọmọ tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀rọ yóò máa wo òkè àjà. Ẹ̀yin náà lè ṣe é nílé láì mọ ìwé púpọ̀. Ẹ kàn bi í pé, “Kí ló dé tó fi jẹ́ bẹ́ẹ̀?” Ẹ tún bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ìbéèrè yìí kò náni ní kọ́bọ̀.

Nítorí ewu tó tóbi jù kò sí nínú pé ẹ̀rọ ń ṣi ìṣirò. Ènìyàn náà ń ṣì í, olùkọ́ ń ṣì í, àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà sì ń tún un ṣe lójoojúmọ́. Ewu náà wà nínú pé kí ìran kan dàgbà tí kò ní lè mọ̀ ìgbà tí ó ṣì í. Ọmọ tí kò rin ọ̀nà ìrònú rí fúnra rẹ̀, kò ní mọ̀ bí wọ́n bá mú un gba igbó. Ní ọjọ́ ìpàdé ẹbí yẹn, ríropọ̀ tí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe ni ó dá ẹ̀tọ́ opó padà. Gbogbo àwọn tó jókòó níbẹ̀ ni ó lè rò ó pọ̀, ṣùgbọ́n ìwé náà dára débi pé kò sí ẹni tó rò ó wò.

Ẹ lo ẹ̀rọ náà, ẹ̀yin ọmọ wa. Ẹ fi kọ́ èdè, ẹ fi wá ìmọ̀, ẹ fi dán ara yín wò. Ṣùgbọ́n làákàyè tí Ọlọ́hun fún yín, ẹ má fi í yá ẹnikẹ́ni. Kí Ọlọ́hun Ọba fún wa ní ìmọ̀ tó ní ìdí, kí ó sì fún wa ní sùúrù láti yẹ̀ ẹ́ wò kí a tó gbà á. Àmín.